Ẹni Tí A Bá Lé Kò Lọ Jìnnà

Nínú ìwé wa yìí, ọ̀rọ̀ owó oṣù, owó àṣekún iṣẹ́ àti ìyà tí awakọ̀ ń jẹ lójú pópó ni a sábà máa ń sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní bòókẹ́lẹ́ ni a fẹ́ gbé síta: kòkòrò HIV, abẹ́rẹ́ oògùn olóró, àti àwọn ẹgbẹ́ aráàlú tí ń tọ́jú àwọn tí ọ̀ràn náà kàn ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò. Èrò wa kò fara sin. Iṣẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ń ṣe, iṣẹ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni pẹ̀lú. Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Ẹ wo ibi tí a ń gbé. Títì Èkó sí Àgbádárìgì ló la àárín wa kọjá. Ó gba Òkokomáíkò lọ sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láti ibẹ̀ ó di Kútọnu, Lomé, Accra, títí dé Abidjan. Ọjà Àlàbá wà lọ́dọ̀ wa, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà lọ́dọ̀ wa, bárékè sójà wà lọ́dọ̀ wa. Ilé-iṣẹ́ Volkswagen tó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ níhìn-ín ní 1975 ló fún ibùdókọ̀ kan ní orúkọ tí a ṣì ń pè é títí di òní. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde. Nítorí irú èyí ni orílẹ̀-èdè 5 tó wà lójú ọ̀nà náà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, fi parapọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ ní 2002, láti gbógun ti HIV láàrin awakọ̀, oníṣòwò àti àwọn tí ń gbé ní ẹnubodè. Wọ́n mọ̀ pé àrùn kì í dúró gba ìwé ìrìnnà. Kì í ṣe pé awakọ̀ burú ju ẹlòmíràn lọ. Iṣẹ́ ló gbé e kúrò nílé, tó sì mú kó sùn sí ibi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí.

Nígbà tí ìròyìn àrùn yìí kọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà ní 1986, àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ní kògbóògùn, orúkọ náà sì bá a mu nígbà náà. Nígbà tí Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kú ní August 1997, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti, tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí, jáde sọ fún gbogbo ayé pé éèdì ló pa àbúrò òun. Ìgboyà ńlá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Oògùn tí ń ki kòkòrò náà mọ́lẹ̀ ti wà, láti January 2006 sì ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí a máa fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò lé kòkòrò náà jáde nínú ara pátápátá, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè ṣiṣẹ́ títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì. Bí ó bá lò ó déédéé, tí kòkòrò náà dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò rí i mọ́, kò ní fi ìbálòpọ̀ kó o ran ẹnikẹ́ni. Ẹ sì jẹ́ kí a tún èyí sọ fún àwọn tí kò tíì gbọ́: a kì í kó o lára sípánà, a kì í kó o lára ife omi, a kì í kó o lórí ìjókòó ọkọ̀.

Bí oògùn bá wà, kí ló wá ń pa ènìyàn? Ìtìjú ń pani. Àìráyè ń pani. Kọ́ńdọ́kítọ̀ tó bá fi ọjọ́ kan jókòó sí ilé ìwòsàn, ọjọ́ náà kò mú owó wálé. Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó bá tọrọ àyè léraléra, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí. Ẹlòmíràn kò fẹ́ kí aládùúgbò rí òun níbi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ó wá di pé ó ń wọkọ̀ lọ sí ibi jíjìn, títí owó ọkọ̀ fi tán. Ibí yìí ni iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ti hàn. Wọ́n ń gbé àyẹ̀wò wá bá ènìyàn níbi tó wà. Wọ́n ń bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Wọ́n ń wá ẹni tó ti jáwọ́ nínú oògùn lọ sílé, wọ́n ń fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ló ní kòkòrò náà lára fúnra wọn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ wọn fi ń wọni létí.

Kí òṣìṣẹ́ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan iṣẹ́ rẹ̀. Ní Èkó níhìn-ín, ní 1995, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kan, Georgina Ahamefule, pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò HIV fún un láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe ẹjọ́. Ní 2001, adájọ́ ní kò gbọdọ̀ wọ inú kóòtù àfi bí oníṣègùn bá jẹ́rìí pé kò ní kó àrùn ran àwọn tó wà níbẹ̀. Kò jáwọ́. Ní September 2012, ilé ẹjọ́ gíga ní Ìkẹjà dá a láre, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 7 náírà fún un. Ọdún 17 gbáko! Ní 2014 ni òfin àpapọ̀ wá jáde pé agbanisíṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tìtorí HIV lé òṣìṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di dandan kí ènìyàn ṣe àyẹ̀wò kí ó tó gba iṣẹ́. Òfin ti wà, ṣùgbọ́n òfin kì í dìde rìn fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń gbé e rìn.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ni ó le jù, a kò sì ní sá fún un. Ìwádìí tí àjọ àgbáyé àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba gbé jáde ní January 2019 fi hàn pé ní Èkó, ènìyàn bíi 33 nínú 100 ló ti lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, kò sì sí ìpínlẹ̀ tó ju tiwa lọ. Ní Nàìjíríà lápapọ̀, àwọn tí ń gún un sára tó 80,000. Nínú irú àwọn wọ̀nyí tí ìjọba ṣàyẹ̀wò fún, àwọn tó ní HIV jẹ́ 3.4 nínú 100 ní 2014. Nígbà tí yóò fi di 2020, ó ti di 10.9. Bẹ́ẹ̀, ìwádìí 2018 fi hàn pé láàrin gbogbo ará ìlú tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 sí 49, kò ju 1.4 lọ. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Abẹ́rẹ́ kan, ènìyàn mẹ́ta. Ẹ̀jẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹni kejì gún un.

Nítorí náà ni àwọn ẹgbẹ́ kan fi ń pín abẹ́rẹ́ tuntun, tí wọ́n ń gba ti àtijọ́ padà kí ọmọdé má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí wọ́n sì ń mú ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ lọ sí ibi ìtọ́jú. Ní 2020 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ní Ọ̀yọ́, Gòm̀bè àti Ábíà. Àwọn kan nínú wa yóò ní, "Ẹ kò ha ń kọ́ wọn láti máa gún un nìyẹn?" A bi yín padà: irin tí a fi bo ẹnu ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́, ṣé ó ń kọ́ òṣìṣẹ́ láti ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ ni? Àwa kan náà la ja ìjà kí wọ́n tó fi irin yẹn síbẹ̀. A mọ̀ pé ó ń rẹ ènìyàn, a mọ̀ pé ènìyàn ń ṣe àṣìṣe, a sì sọ pé àṣìṣe kan kò yẹ kó gba ọwọ́ ẹni.

A kò ní kí a fàyè gba ẹni tí oògùn ń gùn láti wa ọkọ̀. Ẹ̀mí èrò wà lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó bá mu paraga tàbí tó gbé tramadol mì, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ni kí ẹ gbà, ẹ má gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí a bá nà kúrò ní Ìyànà-Ìbà, Òkokomáíkò ni yóò lọ. Bí wọ́n bá tún lé e níbẹ̀, yóò wá ibi tó ṣókùnkùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á sì bá a lọ. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà láàrin wa, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń bá tiwa lọ sílé ẹ̀kọ́. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ìdí tí a fi ń sọ èyí nísinsìnyí ni owó. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà ti ń gbé èyí tó pọ̀ nínú ìnáwó iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ wa. Ní January 2025, ìjọba wọn dá owó ìrànwọ́ sí òkè òkun dúró. Nígbà tí wọ́n tún ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n ní oògùn tí ń dènà HIV kò tọ́ sí ẹlòmíràn mọ́ àfi aboyún àti abiyamọ. Ìjọba Nàìjíríà ya bílíọ̀nù 4.8 náírà sọ́tọ̀ ní February ọdún náà láti ra oògùn ìtọ́jú 150,000. Ó dára. Ṣùgbọ́n oògùn kò ní ẹsẹ̀. Ẹni tí yóò gbé e dé gáréèjì, ta ni yóò san owó ọkọ̀ rẹ̀?

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Ní ilé-iṣẹ́, kí ìwé àdéhùn wa pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ sọ ọ́ kedere pé ọjọ́ ìtọ́jú kò ní dín owó ẹnikẹ́ni kù, àti pé àṣírí òṣìṣẹ́ kò ní jáde. Ní gáréèjì, kí àwọn alága yọ̀ǹda àyè fún àwọn ẹgbẹ́ aráàlú, kí ẹnikẹ́ni má sì na aláìsàn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ àti ti Ìbà fi owó iṣẹ́ yìí sínú ètò ìnáwó wọn lọ́dọọdún, kí ilé ìwòsàn wọn sì máa ṣí ní ìrọ̀lẹ́ tí òṣìṣẹ́ ti dé. Ní tiwa, kí olúkúlùkù lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ẹgbẹ́ tí kò lè gbé aláìsàn rẹ̀ dúró, kí ni yóò fi gbé ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ dúró? Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa.