Ẹ San Owó Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó San Owó Bátìrì

Bí òjò Port Harcourt bá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, kì í fẹ́ dáwọ́ dúró títí di oṣù kọkànlá. Ní Rumuomasi, lẹ́bàá ọ̀nà Aba ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, àkókò òjò yìí ni iná ọkọ̀ àgbà máa ń da olówó rẹ̀ láàmú jù lọ. Ẹni tí ó ní Golf kejì tàbí Golf kẹta kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ń ṣí sókè yìí kì í ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ọdún 1974 ni Golf àkọ́kọ́ jáde ní Jámánì. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí to ọkọ̀ ní Òjó, ní Èkó. Ṣùgbọ́n Golf kẹta pàápàá, tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1991, ti di àgbàlagbà, wáyà inú rẹ̀ sì ti gbó pẹ̀lú rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ kọ̀, kò sítáàtì. Wọ́n ránṣẹ́ pe atún-iná-ọkọ̀-ṣe, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí rewáyà. Ó wo ọkọ̀ fìrí, ó ní bátìrì ti kú. Wọ́n ra tuntun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ tún kọ̀; wọ́n ní ọ́tánétọ̀ tí ń rọ iná sínú bátìrì ni kò dára mọ́. Wọ́n ra tòkunbọ̀. Kò tán síbẹ̀. Ní ìkẹyìn ni wọ́n tó rí i pé gílóòbù kékeré tí ó wà níbi ẹrù lẹ́yìn kì í kú bí a bá ti ilẹ̀kùn, tí ó ń jẹ iná bátìrì mọ́jú lójoojúmọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá.

Ó rọrùn láti dá rewáyà lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ gan-an ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé owó ọjà ni ó mọ̀ ọ́n san, kò mọ owó àyẹ̀wò. Bí rewáyà bá fi wákàtí méjì wá ìdí àrùn kan, tí ó rí i pé orí wáyà kan ni ó dípẹtà, tí ó ha á, tí ó sì dè é padà, ọlọ́kọ̀ yóò béèrè pé kí ni ó ṣe tí ó fi ń bèèrè owó. Ẹni kan náà yìí a máa san owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn kí ó tó ra oògùn. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé orí ọjà nìkan ni rewáyà ti ń rí oúnjẹ jẹ, ọjà ni yóò máa tà.

Àyẹ̀wò tí à ń wí yìí kò le. Mítà kékeré kan tó fún un, owó rẹ̀ kò sì tó owó bátìrì rárá. Bátìrì tí ó kún, tí ọkọ̀ sì ti sinmi, yẹ kí ó wà ní nǹkan bí fóòtì 12.6. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó gòkè sí 13.8 sí 14.4, bí kò bá gòkè, ìgbà yẹn ni ó tọ́ kí a fura sí ọ́tánétọ̀ àti bẹ́líìtì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni áàtì, ìyẹn wáyà dúdú tí ó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Bí a bá fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí bátìrì níbi wáyà dúdú, tí a fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, tí ẹnìkan sì ń sítáàtì ọkọ̀, ohun tí mítà yóò kà kò gbọ́dọ̀ ju ìlàjì fóòtì lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ìpẹtà wà níbì kan. Iná tí ń ṣẹ́jú, wáípà tí ń rìn bí aláìsàn, ọwọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí ń jó láìsí ìlù: áàtì burúkú lè fa gbogbo rẹ̀.

Ọkọ̀ onílẹ̀kùn ẹ̀yìn sì ní àrùn tirẹ̀. Inú rọ́bà kékeré tí ó so ilẹ̀kùn náà mọ́ òrùlé ni wáyà rẹ̀ ń gbà kọjá. Ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i, tí a sì tì í, wáyà náà ń tẹ̀, títí yóò fi já nínú awọ tirẹ̀ láìhàn sí ojú. Ibẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tú wò bí wáípà ẹ̀yìn bá kú. Abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni àpótí fíúsì Golf wà, omi òjò tí ó bá jò láti ẹ̀bá gíláàsì iwájú a sì máa kán sí i.

Ọ̀rọ̀ fíúsì ni kò gba ẹ̀rín rárá. Fíúsì pupa jẹ́ ti áńpù 10, aláwọ̀ aró jẹ́ ti 15, aláwọ̀ ìyeyè jẹ́ ti 20. A ṣe é kí ó lè kọ́kọ́ jó kí wáyà má bàa jó. Ẹni tí ó bá fi wáyà lásán tàbí bébà fàdákà inú páálí sìgá dípò rẹ̀ ti gbé iná sí abẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

Àwọn mìíràn gbà pé ààbò wà nínú kí rewáyà ṣáà ti jẹ́ ọmọ Yorùbá. Inú ẹni a máa dùn láti gbọ́ èdè ẹni ní àjò, ṣùgbọ́n èdè kì í wọn iná. Ọmọ Ìkwẹ́rẹ́ tàbí ọmọ Ìgbò tí ó ní mítà lọ́wọ́, tí ó sì mọ̀ ọ́n kà, sàn ju ará ilé tí ń méfò lọ.

Oṣù Kejìlá ni ọ̀ràn yìí máa ń di ti ẹ̀mí. Ẹni tí ń lọ sílé, ìbáà gba Onitsha tàbí kí ó gba Warri, Benin ni yóò já sí, ilẹ̀ sì lè ṣú bá a kí ó tó dé Ọ̀rẹ̀. Bí iná ẹ̀yìn ọkọ̀ bá kú ní ojú ọ̀nà yẹn, tírélà tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè má rí i. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìrìn àjò ni kí ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rewáyà, kí ó san owó àyẹ̀wò rẹ̀ tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, kí wọ́n tan gbogbo iná àti wáípà, kí wọ́n tẹ ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kí wọ́n sì wo mítà. Bí ó bá wà lábẹ́ 13, ọkọ̀ náà kò tíì ṣe tán láti lọ sílé.