Ẹni Tí Ó Bá Ń Lọ Sí Bahia

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí wa lọ́kàn nígbà tí a ń ro ti àwọn ọmọ Yorùbá tí ń rin ìrìn-àjò lọ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Bràsílì. Àwọn kan ń bá ikọ̀ ìjọba lọ, àwọn kan ń bá ti ẹ̀kọ́ lọ, àwọn mìíràn sì ń lọ gbafẹ́. Inú wa dùn pé wọ́n ń lọ. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n lọ ṣe bí onílé níbi tí wọ́n ti jẹ́ àlejò.

Kí a kọ́kọ́ sọ ti ìmúra. Ó yẹ kí arìnrìn-àjò gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, ó kéré tán ní ọjọ́ 10 kí ó tó gbéra, kí ó sì mú káàdì rẹ̀ dání. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje ni òjò ibẹ̀ ń pọ̀ jù. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó bá lè kí wọn ní "bom dia" ní òwúrọ̀ àti "boa tarde" ní ọ̀sán yóò rí ojúrere.

Ní ẹ̀bá títì ni yóò ti rí àwọn obìnrin aláṣọ funfun tí ń din àkàrà nínú epo pupa. Acarajé ni wọ́n ń pè é. Wọn a máa là á sí méjì, wọn a sì fi edé há a láàárín. Bí alákàrà bá bèèrè bóyá kí ó jẹ́ "quente", èyíinì ni gbígbóná, ata ni ó ń wí, kì í ṣe ti iná. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dúró níwájú rẹ̀ kí ó máa kọ́ ọ bí a ti ń din àkàrà.

Ilé òrìṣà, tí wọ́n ń pè ní terreiro, ni ìwà ọmọlúwàbí ti ṣe pàtàkì jù. Aṣọ funfun ni ó yẹ ibẹ̀. Aṣọ dúdú àti ṣòkòtò péńpé kò yẹ. Apá tí wọ́n bá fi hàn wá ni kí a jókòó sí, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé, ọkùnrin kì í bá obìnrin jókòó pọ̀. Kí a má ya fọ́tò láìgba àṣẹ. Kí a má tẹ ojú agbo, kí a má wọ yàrá inú, kí a má sì fọwọ́ kan ẹni tí òrìṣà gùn. Kí a kí ìyálórìṣà bí a ti ń kí àgbà nílé.

Ìdí wà fún èyí. Bràsílì kò fòpin sí oko ẹrú títí di 1888. Lẹ́yìn náà, àwọn ọlọ́pàá a máa ya wọ ilé òrìṣà, wọn a sì máa kó ìlù wọn lọ. Títí di 1976 ni wọ́n fi ń gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó lè ṣe ọdún. Inú ìyà yìí ni wọ́n ti pa orin Yorùbá mọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, tí ó sì ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, kò ro ọ̀rọ̀ náà dénú.

Àwọn kan lè wí pé àwa ni a ni èdè, nítorí náà ó tọ́ kí a tún un ṣe fún wọn. Èsì wa ni pé ọ̀nà wà fún ìyẹn. Ní 1959 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ní Bahia dá ibùdó ìmọ̀ nípa Áfíríkà sílẹ̀. Kò sì pẹ́ tí Ọ̀gbẹ́ni E. L. Lásẹ́bìkan fi lọ kọ́ wọn ní Yorùbá níbẹ̀. Àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ni ó kọ́. Kò ṣe àyọjúràn.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ fi ìtàn yìí kọ́ àwọn ọmọ wa. A sì rọ ẹ̀yin olóṣèlú kí ẹ má ṣe kó ẹni tí kò mọ ìkíni sínú ikọ̀ yín. Ẹni tí ń kẹ́gàn ìṣẹ̀ṣe ní ìlú rẹ̀, tí ó wá fi aṣọ funfun ya fọ́tò ní Bahia, ara rẹ̀ ni ó ń tàn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.