Agbódegbà: Ọ̀rọ̀ Tí A Ti Ń Gbàgbé, Ìwà Tí A Kò Tíì Fi Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ni mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀ lónìí: agbódegbà. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ìtumọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì, díẹ̀ nínú wọn ni ó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo wọn mọ olè.

Ẹ wo bí a ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni ó ṣíwájú, irú èyí tí ó wà nínú apẹja àti akọrin. Ọ̀rọ̀-ìṣe gbé ni ó tẹ̀ lé e, ìyẹn gbé tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn wà ní ibì kan. Òde tẹ̀ lé gbé, a sì pa fáwẹ̀lì gbé jẹ. Gbà ni ó kádìí rẹ̀. Ẹni tí ó dúró sí òde tí ó ń gba ẹrù lọ́wọ́ olè ni agbódegbà. Kò já ilẹ̀kùn, kò wọ yàrá onílé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ lójú ayé. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ a- kò gbà fún un pé kò ṣe nǹkan kan. Olùṣe ni ó pè é. Lójú àwọn tí ó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, dídúró sóde yẹn gan-an, iṣẹ́ ọwọ́ ni.

Àwọn àgbà fi òwe tì í lẹ́yìn: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àsọdùn ni. Kí wọ́n lọ wo ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Criminal Code. Ní abala 390, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ni ti olè, ó sì lè di ọdún 7 nígbà tí ohun tí ó jí bá níye lórí. Ní abala 427, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ni ó lè tọ́ sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹrù olè ni tí ó sì gbà á. Òwe àti òfin bá ara wọn mu. Àwa tí à ń gbé ìlú ni a kò bá wọn mu.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n jí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí mo fi ń ṣiṣẹ́ gbé ní ọ́fíìsì. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn àwọn àgbà tí mo gbà sílẹ̀ nípa ẹ̀ka-èdè wọn. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà níbòmíràn, nítorí náà n kò pàdánù iṣẹ́. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé ìyá àgbà kan lè jókòó, kí ó sọ ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ fún mi nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé mi, kí ohùn rẹ̀ sì wá di ohun tí àjèjì ń nà káàkiri ọjà.

Kì í ṣe àwòrán ilẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó bá mi wá a rí. Ọ̀pọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ kì í sọ ibi tí ẹ̀rọ wà àfi bí ẹ̀rọ náà bá bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn ni ó bá mi rí i. Ọ̀kan nínú àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ni wọ́n gbé e lọ bá pé kí ó bá wọn já ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Nígbà tí ó tàn án, ó rí orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi tí mo kọ sí ojú rẹ̀. Ó ní kí oníbàárà rẹ̀ máa bọ̀ lọ́la, ó sì pè mí.

Oníbàárà yìí kàwé gboyè. Nígbà tí a dé àgọ́ ọlọ́pàá, gbólóhùn kan ṣoṣo ni ó ń wí: “Owó mi ni mo fi rà á.” Mo mú rìsíìtì jáde, nọ́ńbà tí ó wà lára rẹ̀ àti èyí tí ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀ èmi ni wọ́n ń bẹ̀. Wọ́n ní kí n ṣàánú rẹ̀, kí n fún un ní ìdajì owó rẹ̀ kí n lè gbé ẹ̀rọ mi lọ. Mo kọ̀. Kí ni n ó ti ṣe máa ra ohun ìní mi lọ́wọ́ agbódegbà? Ẹnì kan kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí ó rà á kò sì di olóhun.

Ẹ fi àánú yìí wé ohun tí à ń ṣe fún ẹni tí a bá ṣáà ti pè ní olè. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Aluu nítòsí Port Harcourt, èrò lu akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́rin, wọ́n sì dáná sun wọ́n. Ẹ̀sùn kọ̀ǹpútà alágbèéká àti fóònù ni wọ́n fi kàn wọ́n, ẹ̀sùn tí wọn kò gbé dé iwájú adájọ́ kankan. Ní ọdún 2017 ni ilé ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Rivers dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀ràn náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Táyà àti epo bẹntiróòlù ni ti ẹni tí a fura sí. “Ẹ ṣàánú rẹ̀” ni ti ẹni tí a ká ẹrù mọ́ lọ́wọ́. Irú ìdájọ́ wo nìyẹn?

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fọ̀. Wọ́n ní nǹkan wọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè ra tuntun. Òótọ́ ni. Nítorí èyí ni a ṣe ní tòkunbọ̀, ẹni tí ó ń tà á lójú àtẹ ní ṣọ́ọ̀bù àti rìsíìtì. Wọ́n tún ní àwọn kò mọ̀. Òfin pàápàá gbà pé ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí kò ní ṣájà, tí kò ní rìsíìtì, tí iye rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí wọ́n ń tà á lọ́jà, tí orúkọ ẹlòmíràn sì hàn gbangba lójú rẹ̀, kí ni ó kù tí a fẹ́ kí ó sọ fún wa? Ẹni tí ó tún ẹ̀rọ mi ṣe béèrè, ó sì mọ̀. Ẹni tí kò béèrè ti yàn pé òun kò fẹ́ mọ̀.

Ẹ wo iṣẹ́ tí èdè ń ṣe níbí. A ti sọ agbódegbà di “ẹni tí ó rà á”, a ti sọ ẹrù olè di ọjà gbàǹjo. Nígbà tí orúkọ ìwà kan bá ti kúrò lẹ́nu, ìtìjú rẹ̀ kì í pẹ́ kúrò lójú. Àwọn àgbà ní gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ọjọ́ kan náà kò ní dé bí gbogbo wa bá ń bo agbódegbà lójú.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ yín sí ibi tí ọwọ́ olè kò lè tó, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ojú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé ọ̀kan wá tà fún yín, ẹ béèrè ẹni tí ó ni ín. Bí ẹni tí ń tà á bá ń fọwọ́ họrí, ẹ má rà á. Kí ẹ sì pe ẹni tí ó bá rà á ní orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́.