Ìbò Ìgbìmọ̀ Ìlú ní Òkè-Ògùn

A kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Ẹ̀nyin oníṣòwò Ṣakí àti ẹ̀nyin aláṣọ òkè Ìsẹ́yìn mọ òwe yìí dáradára. Kò sí ẹnìkan nínú nyín tí yíò san owó aṣọ tí kò tú wò. Èéṣe, nígbànáà, tí a kì í tú ìbò ìgbìmọ̀ wa wò, nígbàtí ó jẹ́ pé ìgbìmọ̀ yìí ni ọjà àti ibùdókọ̀ wa wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí a ti ńbọ̀. Ní 1916, àwọn ará Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba àti kóòtù tí a gbé kà wọ́n lórí láìbi wọ́n léèrè. Ẹ̀mí sì bá a lọ. Òfin 1952 ti Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wá mú ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn wọlé, ti ẹkùn, ti ìlú ńlá tàbí ìgbèríko, àti ti ìlú kékeré. Àwọn ọba àti ìjòyè ní àyè tiwọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ará ìlú yàn ni ó pọ̀ jù.

Nígbàtí àwọn ológun gba ìjọba ní 1966, ètò náà dàrú. Ní 1976 nwọ́n sọ gbogbo ìgbìmọ̀ di oríṣi kan ṣoṣo, a sì tún dìbò. Láti 1979 dé 1983, ìjọba alágbádá kò ṣe ìbò ìgbìmọ̀ rárá. Ní December 1990 a tò sí ẹ̀hìn àwòrán ẹni tí a fẹ́, a sì kà wá ní ojúmọmọ.

Ẹ wá wo ti àìpẹ́ yìí. Ní 12 May 2018, nígbà Gómìnà Ajimobi, ẹgbẹ́ APC tirẹ̀ ni ó borí. Ní 29 May 2019, ọjọ́ tí Gómìnà Makinde gorí àlééfà, a tú àwọn ìgbìmọ̀ náà ká. Ní 7 May 2021 Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ wí pé ìtúká náà lòdì sí òfin. Ìbò tuntun wáyé ní 15 May 2021, ẹgbẹ́ PDP ti gómìnà ni ó borí. Ní 27 April 2024, ó kó ìjókòó alága mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélọ́gbọ̀n ní gbogbo ìpínlẹ̀.

A kò wí pé ẹnikẹ́ni jalè. Àwọn kan yíò wí pé ẹgbẹ́ tí ará ìlú fẹ́ ni nwọ́n dìbò fún. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní February 2023, Òkè-Ògùn àti Ògbómọ̀ṣọ́, tí nwọ́n jọ wà ní ẹkùn kan, rán Abdulfatai Buhari ti APC lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà lẹ́ẹ̀kẹta. Ní March ọdún kan náà, PDP ni ìpínlẹ̀ yàn sí ipò gómìnà. Àwọn ènìà wa mọ̀ bí a ti ńya ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ pé, bí ó bá di ti ìgbìmọ̀, ẹgbẹ́ tí ó wà n'Ìbàdàn kì í pàdánù?

Gómìnà ni ó ńyan àwọn tí ńṣètò ìbò yìí. Ẹni tí ó ńtajà náà ni ó di kóńgò mú. Ní 11 July 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìgbìmọ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn. Bí owó ti ńsúnmọ́lé, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ojú wa là sí i.

Nítorínáà, ohun mẹ́ta ni a ńbéèrè: kí òfin dá ọjọ́ ìbò, kí gómìnà má lè sún un, kí a lẹ èsì mọ́ ara ògiri ní ibùdó ìbò kọ̀ọ̀kan kí ó tó kúrò níbẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tí a yàn lo ọjọ́ rẹ̀ pé, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jẹ́. Ẹ̀nyin pẹ̀lú, nígbàtí ọjọ́ bá pé, ẹ má ṣe jókòó sí ìsọ̀ kí ẹ wí pé a ti mọ ẹni tí yíò wọlé. Ẹni tí kò bá lọ sí ọjà kò lè bá wọn jiyàn iye tí a ta ọjà.