Ìwé Ìmọ̀ Tí Tajá Tẹran Ń Kọ



Àwọn ọmọ wa tí a bí sí Òkè Ọya níhìn-ín kì í bi àgbà léèrè mọ́ bí wọ́n bá fẹ́ mọ ìtàn ìlú bàbá wọn. Fóònù ni wọ́n ń bi, Wikipedia ni ó sì sábà máa ń dá wọn lóhùn. Àwọn àgbà kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, kí a lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001 ni ìwé ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí ó bá sì wù ni ó lè kọ sínú rẹ̀. Ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ní 2005, ẹnì kan kọ ọ́ pé wọ́n fura sí akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà kan, John Seigenthaler, nípa ikú Kennedy. Irọ́ gbuu ni, ó sì tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn kan náà, ìwé ìròyìn Nature fi àròkọ 42 lórí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì wé ti Britannica: àṣìṣe bí 4 ni wọ́n rí nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ti Wikipedia, bí 3 nínú ti Britannica. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí à ń pariwo.

Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù ni ti èdè Scots. Ní 2020 ni àṣírí tú pé ọ̀dọ́ ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè náà ni ó kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé sínú Wikipedia wọn. Àwọn onílé ni ó fi ilé sílẹ̀. Yorùbá náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Àwa mélòó ni a ń ṣọ́ ọ?

Ẹ kọ́ ọmọ yín bí a ti ń dán an wò. Ẹ mú Amina, ọba obìnrin Zazzau tiwa níbí. Ìwé ìtàn àwọn ọba Kano fi í sí ìgbà ọba Dauda, ní nǹkan bí 1421 sí 1438. Àwọn òpìtàn mìíràn fi í sí ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà. Ojú ewé tí ó bá dá ọdún kan ṣoṣo láì sọ pé àríyànjiyàn wà, kí ọmọ fura sí i. Kí ó wo àwọn nọ́ńbà kéékèèké tí ń tọ́ka sí ibi tí a ti mú ọ̀rọ̀ wá. Kí ó sì ṣí ibi tí wọ́n ń pa àkọsílẹ̀ àtúnṣe mọ́ sí, tí ọjọ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá rí i pé ìtàn oyè ìlú kan yí padà lẹ́ẹ̀mẹwàá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó mọ̀ pé àwọn ìdílé ọlọ́ba ti gbé ìjà dé ibẹ̀. (Ẹ̀yin náà mọ àwọn ìlú tí mò ń wí.)

Ohun kan ń dùn mí. Wikipedia kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu, àfi ohun tí a bá ti tẹ̀ jáde níbòmíràn. Nítorí náà, ohun tí àwọn àgbà wa mọ̀ nípa bí àwọn bàbá wọn ṣe bá rélùwéè dé Zaria kò lè dé ibẹ̀ bí kò bá sí nínú ìwé. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ yan ẹni mẹ́ta tí yóò máa lọ bá wọn nílé, kí wọ́n kọ orúkọ, ìlú àti ọdún sílẹ̀, kí a tẹ̀ ẹ́, kí a sì fi ẹ̀dà kan sí ilé ìkàwé Yunifásítì Ahmadu Bello ní Samaru.