Ká ka kòkòrò ká tó fọ́n oògùn

1/ Ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ, ẹ gbọ́ ẹjọ́ ara mi. Lọ́dún tó kọjá, ní oko ẹ̀wà ìyá mi àgbà n'Íkẹ́nnẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa àwọn tó ń bá wa ṣọ́ oko.

2/ Kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ bo ọ̀mùnú ẹ̀wà, wọ́n ń fa omi ara rẹ̀ mu. Mo rí àwọn kan láàárín wọn: roboto, dúdú, àmì pupa lẹ́yìn. Ladybird ni. Ọmọ wọn ò tiẹ̀ jọ ìyá rẹ̀, ṣe ló rí bí ọmọ ọ̀nì. Mo ní olè ni gbogbo wọn. Mo fọ́n oògùn.

3/ Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kòkòrò wẹ́wẹ́ padà dé, wọ́n tún pọ̀ sí i. Ladybird ò padà. Ìgbà yẹn ni mo tó kà nípa ẹ̀: kòkòrò wẹ́wẹ́ yẹn gan-an loúnjẹ ẹ̀, òun àti ọmọ ẹ̀. Ojú tì mí.

4/ Mi ò ní ká má fọ́n oògùn láéláé o. Ká ṣáà mọ ẹni tó wà lóko ká tó yìnbọn. Oríṣi ladybird tó wà láyé tó 6,000. Kì í ṣe gbogbo wọn lọ̀rẹ́: ewé làwọn Epilachna ń jẹ ní tiwọn.

5/ Kòkòrò ti gbà wá rí. Ní 1981, IITA n'Íbàdàn tú agbọ́n kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀, òun ló ṣẹ́gun kòkòrò funfun tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́.

6/ Ní Bìrìtéènì, ladybird àjèjì wọlé ní 2004. Torí pé wọ́n ti ń ka tiwọn tẹ́lẹ̀, wọ́n mọ̀ nígbà tí onílé ń dín kù. Tí tiwa bá ń tán lọ, ta ló máa mọ̀?

7/ Kò le. Yan oko kan n'Íkẹ́nnẹ́, ọ̀kan ní Ṣàgámù, ọ̀kan n'Ílíṣàn. Lọ láàárọ̀, fi 20 ìṣẹ́jú rìn ín. Tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ ẹ̀ka, gbọ̀n ọ́n, ya fọ́tò. Kọ iye oríṣi tó o rí, kọ iye tó wà nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan. Tó o bá rí 100, tí 95 jẹ́ oríṣi kan, èrò pọ̀ nìyẹn, ìdílé ò pọ̀. Ṣe é lójò, ṣe é lẹ́ẹ̀rùn.

8/ Ìyá àgbà ní: "Ìwọ lo lé ọlọ́dẹ lọ, ìwọ ni kó o wá a wá." Mo ti ra ìwé àti bírò. Ta ló ń bá mi lọ ní Sátidé?