TA NI Ó NI ORÚKỌ ÌLÚ CHYSTIAKOVE?

Ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú, ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó sọ ìlú Chystiakove ní Torez kò wo ilé rárá. Òkú àlejò ni wọ́n wò.

Ìlú awakùsà ni Chystiakove, ní ẹkùn Donetsk ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ukraine, níbi tí èédú ilẹ̀ pọ̀ sí. Ní ọdún 1964, Maurice Thorez, aṣáájú ẹgbẹ́ Kọ́múnísì ilẹ̀ Faransé, kú nínú ọkọ̀ ojú omi lórí Òkun Dúdú. Àwọn alákòóso Soviet fẹ́ bọlá fún un. Wọ́n pa orúkọ àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì fi tirẹ̀ rọ́pò. Òótọ́ ni pé Thorez wa èédú nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ó ti wà á. Oore tí a fi ohun olóhun ṣe ni èyí.

Ní ọdún 2014 àwọn ọmọ ogun tí Rọ́ṣíà ń tì lẹ́yìn gba ìlú náà. Ní Oṣù Keje ọdún yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn káàkiri ayé kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Torez, nígbà tí a kó òkú púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn 298 tí ó kú nínú ọkọ̀ òfúrufú Malaysia sínú ọkọ̀ ojú irin níbẹ̀. Ní 2016 Ilé Aṣòfin ní Kyiv dá orúkọ Chystiakove padà. Ní 2020 wọ́n tún ìpín ilẹ̀ ṣe, wọ́n fi ìlú náà sábẹ́ àgbègbè Horlivka, èyí tí olú-ìlú rẹ̀ pàápàá wà lọ́wọ́ ọ̀tá. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2022 Rọ́ṣíà kéde pé gbogbo ẹkùn Donetsk ti di tirẹ̀. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, orílẹ̀-èdè 143, Nàìjíríà pẹ̀lú wọn, dìbò ní Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè pé ìkéde náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé ìwé lásán ni ti Kyiv, níwọ̀n bí kò ti sí akọ̀wé rẹ̀ kan ní ìlú náà. N kò gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níbi ẹjọ́ ilẹ̀ mọ̀ pé ibi orúkọ ni ẹjọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó dákẹ́ nígbà tí a ń fi orúkọ ẹlòmíràn pe oko rẹ̀ ti ṣe ẹlẹ́rìí fún ọ̀tá. Kí ni ẹni tí ogun lé kúrò nílé yóò fi bèèrè ilé rẹ̀, bí ìlú rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé mọ́?

Àtakò kan wà tí ó wúwo jù èyí lọ. Ẹni tí a bí níbẹ̀ ní 1970 ń pe ìlú rẹ̀ ní Torez láìní èrò búburú. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi pè é nìyẹn. A kò gbọdọ̀ bú u. Kyiv kò bi í léèrè ní 2016. Ìbọn wà láàrin wọn. Ní 1964 kò sí ìbọn tí ó dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, síbẹ̀ a kò bi baba rẹ̀ léèrè. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ wò.

Nítorí náà gbèsè ìbéèrè wà lọ́rùn Kyiv. Ní ọjọ́ tí ọmọ ogun àjèjì bá jáde, kí wọ́n pe awakùsà àti àwọn tí ó sá lọ jọ, kí wọ́n gbọ́ tẹnu wọn. Títí di ọjọ́ náà, Chystiakove ni kí a máa kọ.